Báṣé àtijọ́ tó mọ ìdúró: bí ẹ ṣe lè tún ẹsẹ̀ iwájú àti bíréèkì rẹ̀ ṣe láìná owó rẹpẹtẹ

Bí ẹ bá tẹ bíréèkì báṣé yín, ìyẹn pikọ́ọ̀pù, lórí eré, tí ọkọ̀ sì ń fà sí ẹ̀gbẹ́ kan bí ewúrẹ́ tí wọ́n ń wọ́ lọ sọ́jà, ẹ má tíì lọ bá ẹni tó ń ta kálípà, irin tó ń fún páàdì bíréèkì mọ́ dísìkì. Ẹ wá ibi tó tẹ́jú, ẹ dúró, ẹ sọ̀ kalẹ̀, kí ẹ gbé ẹ̀yìn ọwọ́ yín sún mọ́ ríìmù iwájú méjèèjì, láìjẹ́ kó kàn án. Bí ọ̀kan bá ń ru ooru bí ààrò, tí èkejì sì tutù, ẹ ti mọ ibi tí ẹ ó ti bẹ̀rẹ̀, ẹ kò sì tíì ná fráǹkì kan.

Kétu ní orílẹ̀-èdè Benin ni mo ń gbé. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń fi Peugeot 504 báṣé kó àgbàdo àti gaàrí lọ sí Àjàṣẹ́ (Porto-Novo), èmi fúnra mi ni mo sì ń tún iwájú rẹ̀ ṣe. Ohun tí mo ti fojú rí ni pé rọ́bà ló ń kọ́kọ́ kú lára ọkọ̀ àtijọ́. Irin ìgbà yẹn le. Ó lè dógùn-ún títí kó ṣì máa ṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n rọ́bà inú kálípà, rọ́bà họ́ọ̀sì tó ń gbé epo bíréèkì lọ sí wíìlì, rọ́bà búṣìn àti fìlà rọ́bà tó bo rọ́túlù, oòrùn àti eruku pupa ilẹ̀ wa kì í dá wọn sí. Ẹni tí owó rẹ̀ kò pọ̀, kó kọ́kọ́ ra rọ́bà. Ìgbà púpọ̀ ni kì í nílò láti ra irin mọ́ lẹ́yìn ìyẹn.

504 ni màá fi ṣe àpẹẹrẹ. Ọdún 1968 ni Peugeot gbé e jáde, wọ́n sì fún un ní oyè ọkọ̀ tó ta yọ ní Yúróòpù fún ọdún 1969. Láti ọdún 1975 ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í tò ó ní Kàdúná ní Nàìjíríà, ìdí nìyẹn tí ẹ̀yà rẹ̀ kò fi ṣòroó rí lọ́dọ̀ wa: èyí tí kò bá ti Kútọnu gòkè wá, á gba bodè Ìlárá wọlé. Òpó kan ló gbé wíìlì iwájú kọ̀ọ̀kan dúró lára rẹ̀. Ṣọ́ọ̀kì wà nínú òpó náà, sípíríǹgì wé e lókè, apá kan so ó mọ́ abẹ́ ọkọ̀ nísàlẹ̀, búṣìn wà níbi tí apá náà ti so mọ́ abẹ́ ọkọ̀, rọ́túlù sì ni oríkèé tó wà láàárín apá àti òpó. Dísìkì, àwo irin tó ń bá wíìlì yí, ló ń dá wíìlì iwájú dúró; dúrọ́ọ̀mù, irin tó rí bí ìlù, ló ń dá tẹ̀yìn dúró. Bí tiyín bá jẹ́ Toyota tàbí Datsun àtijọ́, apá rẹ̀ lè jẹ́ méjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ̀ọ̀kan, kí rọ́túlù náà sì jẹ́ méjì. Iṣẹ́ náà kò yàtọ̀ púpọ̀.

Ọ̀rọ̀ orúkọ ṣe pàtàkì, torí ẹni tó bá fi èdè òdìkejì bodè béèrè ẹ̀yà ọkọ̀ ní Àjàṣẹ́ lè gbé ohun tí kò béèrè wálé. Rọ́túlù tí mo ń wí yìí ni àwọn ará Nàìjíríà ń pè ní bọ́ọ̀lù-jọ́ìntì. Ohun tí wọ́n ń pè ní páàdì, plaquette ni lọ́dọ̀ àwọn tó ń tà á níbí; kálípà ni étrier, họ́ọ̀sì ni flexible, búṣìn ni silentbloc, ṣọ́ọ̀kì ni amortisseur, másítà, tí pẹ́dàlì ń tẹ̀ láti ti epo bíréèkì lọ sí wíìlì, ni maître-cylindre. Bí ó bá jẹ́ rọ́bà inú kálípà nìkan lẹ fẹ́, ẹ ní kí wọ́n fún yín ní kit de réparation, kí ẹ sì mú písítìnì àtijọ́ dání kí wọ́n fi wọn ìbú rẹ̀. Ẹ má fi ẹnu lásán júwe.

Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò kí ẹ tó tọwọ́ bàpò

Ẹ jókòó sídìí ọkọ̀ nígbà tí ẹ́ńjìnnì wà ní pípa. Ẹ tẹ pẹ́dàlì bíréèkì bí ẹ̀ẹ̀marùn-ún, kí ẹ wá fi ẹsẹ̀ dì í mú, kí ẹ sì ṣíná ọkọ̀. Pẹ́dàlì gbọ́dọ̀ wálẹ̀ díẹ̀ lábẹ́ ẹsẹ̀ yín. Bí kò bá mira rárá, agolo ńlá tó ń bá ẹsẹ̀ yín ti bíréèkì, èyí tí wọ́n ń pè ní servo, kò ṣiṣẹ́ mọ́, tàbí kí páìpù rọ́bà tó ti ẹ́ńjìnnì wá síbẹ̀ ti là. Páìpù yẹn kò wọ́n. Òun ni kí ẹ kọ́kọ́ wò.

Ẹ tún dì í mú fún bí ìṣẹ́jú kan. Bí pẹ́dàlì bá ń rọra rì lọ sílẹ̀ láìsí ibi tí epo bíréèkì ti ń jò lóde, rọ́bà inú másítà ti lọ. Bí ó bá rọ̀ bíi kànìnkànìn, tó wá ń le bí ẹ ṣe ń tẹ̀ ẹ́ léraléra, afẹ́fẹ́ ló wà nínú páìpù.

Ó kan ẹsẹ̀ ọkọ̀. Ẹ fi jáàkì gbé wíìlì iwájú kan kúrò nílẹ̀, ẹ di táyà mú lókè pátápátá àti nísàlẹ̀ pátápátá, kí ẹ máa tì í, kí ẹ máa fà á, kí ẹlòmíì tan tọ́ọ̀ṣì sí i láti wo ohun tó ń mì. Bí rọ́túlù bá ń yẹ̀ nínú ilé rẹ̀, ó ti tán. Bí rọ́túlù bá dúró ṣinṣin ṣùgbọ́n tí wíìlì ṣì ń mì, bẹ́ríǹgì ni. Ẹ wá di táyà mú lápá òsì àti lápá ọ̀tún, kí ẹ tún mì í: ohun tó bá yẹ̀ báyìí, orí ọ̀pá sítíárìn ni. Ẹ fi irin gígùn kan rọra wọ́ apá ìsàlẹ̀ síwá sẹ́yìn. Búṣìn tó dáa máa ń takú díẹ̀ ni, èyí tó ti kú máa ń jẹ́ kí irin kan irin.

Ti ṣọ́ọ̀kì rọrùn. Ẹ gbé ọkọ̀ sílẹ̀, ẹ fi gbogbo ara tẹ igun iwájú kan wálẹ̀, kí ẹ jù ú sílẹ̀ lójijì. Ó yẹ kó gòkè lẹ́ẹ̀kan, kó padà sáyè rẹ̀, kó dákẹ́. Bí ó bá ń jó sókè sódò, ṣọ́ọ̀kì ti kú.

Ẹ kọ gbogbo ohun tí ẹ rí sílẹ̀, òsì lọ́tọ̀, ọ̀tún lọ́tọ̀.

Ibi tí owó yẹ kó kọ́kọ́ lọ

Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo máa ń pín rírà sí, kí owó ilé má bàa tán lẹ́ẹ̀kan. Ìgbà àkọ́kọ́: họ́ọ̀sì bíréèkì gbogbo, rọ́bà kálípà, páàdì, àti epo bíréèkì DOT 4. Ìgbà kejì: rọ́túlù àti orí ọ̀pá sítíárìn, pẹ̀lú pínnì tuntun àti nọ́ọ̀tì tuntun. Ìgbà kẹta: búṣìn, lẹ́yìn náà ṣọ́ọ̀kì. Àwọn ọ̀dọ́ kan máa ń fẹ́ bẹ̀rẹ̀ láti orí ṣọ́ọ̀kì, torí òun ni wọ́n ń mọ̀ lára lójú ọ̀nà tó kún fún kòtò. Mo lóye wọn. Ṣùgbọ́n ṣọ́ọ̀kì tó kú, yóò gbọ̀n yín títí ẹ ó fi délé. Rọ́túlù tó bá fò yọ lórí eré, wíìlì á ya sábẹ́ ọkọ̀, ìyẹn kì í jẹ́ kéèyàn délé. Kódà bí rọ́túlù bá ti ń yẹ̀ nígbà tí ẹ ń yẹ ọkọ̀ wò, ẹ má dúró de ìgbà kejì. Ẹ rà á lọ́jọ́ kan náà pẹ̀lú họ́ọ̀sì, kí ẹ jẹ́ kí ọkọ̀ wà nílé títí ẹ ó fi rí owó rẹ̀.

Tòkunbọ̀ kì í ṣe ohun ìtìjú. Sípíríǹgì tòkunbọ̀ dáa bí ẹ bá rà á ní méjì láti ara ọkọ̀ kan náà, tí gíga wọn bá sì dọ́gba nígbà tí ẹ gbé wọn síra lórí pákó. Apá ìsàlẹ̀ tí kò wọ́, tí kò sì là, dáa. Ara kálípà dáa, bí ẹ bá máa pààrọ̀ rọ́bà inú rẹ̀. Ṣùgbọ́n họ́ọ̀sì, páàdì, rọ́túlù àti ohunkóhun tó bá ní rọ́bà, tuntun ni kí ẹ rà.

Ẹnì kan tà mí ní họ́ọ̀sì rí, ó dúdú, ó ń dán. Kò pé oṣù méjì tí mo fi rí i pé ọ̀dà ni wọ́n fi kùn ún. Abẹ́ ọ̀dà yẹn ti sán bí ilẹ̀ ọ̀gbẹlẹ̀. Láti ìgbà náà, kí n tó san owó, mo máa ń tẹ họ́ọ̀sì náà po títí á fi fẹ́rẹ̀ẹ́ yípo, màá sì wo ẹ̀yìn ibi tó tẹ̀ dáadáa. Màá tún wá ọdún tí wọ́n ṣe é, torí wọ́n sábà máa ń tẹ̀ ẹ́ sára rọ́bà. Bí ẹni tó ń tà á bá ń bínú pé mo ń yẹ ọjà òun wò, mo máa ń dá a padà fún un.

Gbígbé ọkọ̀ sókè

Ẹ̀mí ló wà níbí, ẹ jọ̀ọ́. Orí ilẹ̀ líle tó tẹ́jú ni kí ẹ ti ṣiṣẹ́. Ẹ fi igi dí iwájú àti ẹ̀yìn táyà ẹ̀yìn, ẹ fi ọkọ̀ sí jíà kìíní, kí ẹ dẹ nọ́ọ̀tì wíìlì díẹ̀ nígbà tí táyà ṣì wà nílẹ̀. Ẹ wá gbé e sókè, kí ẹ fi ẹsẹ̀ irin méjì gbé abẹ́ rẹ̀ níbi tí irin ti nípọn. Jáàkì wà fún gbígbé ọkọ̀. Kò wà fún dídì í mú. Ẹ má fi bíríkì sìmẹ́ńtì dípò ẹsẹ̀ irin láé. Igi máa ń ké kó tó ṣẹ́, ṣùgbọ́n bíríkì kì í kìlọ̀ fún èèyàn. Bí ẹ kò bá ní ẹsẹ̀ irin, ẹ yá a lọ́wọ́ mẹkáníìkì àdúgbò, tàbí kí wẹ́dà fi páìpù irin tó nípọn ṣe é fún yín. Kí ẹ tó wọ abẹ́, ẹ fi èjìká ti ọkọ̀ náà dáadáa. Bí ó bá máa ṣubú, kó ṣubú nígbà tí ẹ wà lóde.

Ọ̀rọ̀ kan tún kù. Eruku dúdú tó wà lára bíréèkì àtijọ́ lè ní asbestos nínú, èyí tó ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́. Ilẹ̀ Faransé fòfin dè é láti oṣù kìíní ọdún 1997, àmọ́ páàdì tó ti pẹ́ nílé ìtajà kò mọ̀ nípa òfin. Ẹ má fi kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ fẹ́ ẹ, ẹ má sì fi ẹnu fẹ́ ẹ. Omi ọṣẹ ni kí ẹ dà sí i, kí ẹ fi àkísà tó tutù nù ún, kí ẹ sì di àkísà náà sínú ọ̀rá kí ẹ tó sọ ọ́ nù.

Títún bíréèkì ṣe

Ẹ̀gbẹ́ kan lẹ́ẹ̀kan ni kí ẹ máa tú, kí ẹ̀gbẹ́ kejì lè jẹ́ àwòkọ́ṣe yín. Ẹ fi fóònù ya fọ́tò pẹ̀lú.

Họ́ọ̀sì la ó kọ́kọ́ mú. Láti alẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú ni kí ẹ ti ta epo tó ń tú ìpẹtà sí ibi tí họ́ọ̀sì ti pàdé páìpù irin, torí ìpẹtà ibẹ̀ máa ń le. Ẹ lo sípánà tó wé nọ́ọ̀tì náà ká, kì í ṣe èyí tó kàn gbá a mú lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjì. Bí ẹ bá rí i pé páìpù irin ń bá nọ́ọ̀tì yí, ẹ dúró, ẹ ta epo sí i, ẹ ní sùúrù. Páìpù tó bá lọ́, ó di ohun rírà nìyẹn.

Kí ẹ tó ju họ́ọ̀sì àtijọ́ nù, ẹ fi bíléèdì là á láti orí dé ìdí. Nígbà tí mo la ti ẹ̀gbẹ́ tó ń gbóná lára ọkọ̀ mi, ihò inú rẹ̀ kò ju ìdí abẹ́rẹ́ lọ. Rọ́bà inú ti wú, ó ti bó, awẹ́ kan ti rọ̀ sílẹ̀ bí ìlẹ̀kùn. Bí mo bá tẹ bíréèkì, agbára ẹsẹ̀ mi á ti epo kọjá. Bí mo bá gbẹ́sẹ̀, awẹ́ rọ́bà yẹn á padé, epo kò ní rí ọ̀nà padà, páàdì á wà lára dísìkì. Ohun tó ń jẹ́ kí ríìmù gbóná nìyẹn, òun náà ló ń fa ọkọ̀ sí ẹ̀gbẹ́. Mẹkáníìkì méjì ló ti sọ fún mi pé kálípà ni kí n rà. Họ́ọ̀sì kan ṣoṣo ni.

Lára kálípà, ẹ gbé e kúrò, kí ẹ fi wáyà so ó rọ̀ mọ́ sípíríǹgì. Ẹ má jẹ́ kó fi họ́ọ̀sì rọ̀. Láti yọ písítìnì, irin inú kálípà tó ń ti páàdì, ẹ fi pákó sí iwájú rẹ̀, kí ẹlòmíì rọra tẹ pẹ́dàlì títí á fi jáde, kí ọwọ́ yín má sì sí láàárín. Ẹ wo ara písítìnì náà. Bí ó bá ń dán, bí ó tilẹ̀ ní àbàwọ́n díẹ̀ lórí ibi tó wà lóde, ó ṣì dáa. Bí ìpẹtà bá ti jẹ ẹ́ ní kòtò níbi tí rọ́bà ti ń dì í mú, ẹ pààrọ̀ rẹ̀.

Inú kálípà ni rọ́bà róbótó kan wà, tí etí rẹ̀ ní igun mẹ́rin. Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé dídí epo nìkan ni iṣẹ́ rẹ̀. Òun náà ló ń fa písítìnì padà. Bí ẹ bá tẹ bíréèkì, rọ́bà náà á tẹ̀ tẹ̀ lé písítìnì síwájú. Bí ẹ bá gbẹ́sẹ̀, á fẹ́ padà sí bó ṣe wà, á sì fa písítìnì dání, díẹ̀ báyìí, kí páàdì lè fi dísìkì sílẹ̀. Rọ́bà tó ti gan kò lè tẹ̀, nítorí náà kò lè fà. Ẹ yọ ọ́ pẹ̀lú igi ṣóńṣó, ẹ má lo súkúrú-díráfà, kó má bàa há ojú irin. Ẹ fi omi ọṣẹ fọ ojú ihò rẹ̀, kí ó gbẹ dáadáa, kí ẹ fi epo bíréèkì tuntun pa rọ́bà tuntun lára kí ẹ tó fi sí i.

Ẹ má fi bẹntiróòlù, kẹrosíìnì tàbí ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì fọ ohunkóhun nínú bíréèkì. Mo mọ̀ pé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń ṣe ní ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀bù. Rọ́bà bíréèkì á mu ún, á wú, á sì dí písítìnì pa láàárín ọjọ́ díẹ̀.

Dísìkì: ẹ fi èékánná fa ojú rẹ̀ láti àárín lọ sí etí. Bí èékánná bá ń há sí ilà, ó nílò gígé lọ́dọ̀ àwọn tó ní ẹ̀rọ tọ́ọ̀nù. Ẹ kọ́kọ́ wọn bó ṣe nípọn tó, kí ẹ fi wé ìwọ̀n tó kéré jù tí wọ́n fín sára rẹ̀ tàbí tó wà nínú ìwé ọkọ̀. Bí gígé bá máa mú kó fẹ́lẹ́ ju ìyẹn lọ, ẹ ra tuntun. Méjèèjì lẹ ó gé, méjèèjì lẹ ó rà. Bẹ́ẹ̀ náà ni páàdì: kò sí páàdì òsì nìkan.

Kí páàdì máa lọ bọ̀ nínú àyè rẹ̀ láìsí pé ẹ fi òòlù gbá a. Ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì onírin fọ àyè yẹn, kí ẹ fi gíríìsì tí ooru kì í yọ́ pa á fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́, kí ó má kan ojú páàdì.

Fún àwọn tí iwájú ọkọ̀ wọn ṣì jẹ́ dúrọ́ọ̀mù: bí ẹ bá fẹ́ sọ ọ́ di dísìkì, ẹ wá àbúrò ọkọ̀ yín, ìyẹn irú kan náà tó jáde lẹ́yìn tiyín tó sì ní dísìkì, níbi tí wọ́n ti ń tú ọkọ̀ tó ti kú. Ẹ ra gbogbo rẹ̀ pọ̀ láti ara ọkọ̀ kan: ìdúró wíìlì, dísìkì, kálípà, àti másítà. Ẹ má gbàgbé másítà. Ọ̀pọ̀ másítà dúrọ́ọ̀mù ní fáálífù kan tó máa ń fi agbára díẹ̀ sílẹ̀ nínú páìpù lẹ́yìn tí ẹ bá gbẹ́sẹ̀. Dúrọ́ọ̀mù fẹ́ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n agbára yẹn á lẹ páàdì mọ́ dísìkì, á sì jó o. Kíkó ẹ̀yà jọ láti ara ọkọ̀ mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, tí wẹ́dà á wá máa jó wọn pọ̀, kì í ṣe ìṣúnnáwó.

Ẹsẹ̀ iwájú

Láti tú orí ọ̀pá sítíárìn, ẹ fi ọ̀dà funfun sàmì sí ibi tó wà, kí ẹ sì máa ka iye ìgbà tó yí kó tó jáde. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Iye yẹn náà ni tuntun gbọ́dọ̀ fi wọlé, kí táyà má bàa ya ẹnu kí ẹ tó dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ń to wíìlì.

Rọ́túlù máa ń há mọ́ àyè rẹ̀ gan-an. Ẹ dẹ nọ́ọ̀tì rẹ̀ sókè ṣùgbọ́n ẹ má yọ ọ́ tán. Ẹ mú òòlù méjì, kí ẹ gbá ojú irin tí rọ́túlù wọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjì lẹ́ẹ̀kan náà. Irin yẹn á fún díẹ̀, rọ́túlù á sì já wálẹ̀ sórí nọ́ọ̀tì. Ẹni tó bá ń gbá orí bóòtì ń ba eyín rẹ̀ jẹ́ ni. Bí ẹ bá rí i pé nọ́ọ̀tì ńlá eléyín ló di rọ́túlù mú nínú ilé rẹ̀, ẹ má fi ṣísẹ́lì gbá a; ó ní sípánà tirẹ̀, ẹ wá ṣọ́ọ̀bù tó ní i, kí wọ́n bá yín tú u.

Nígbà tí mo ya fìlà rọ́túlù mi tó kú, ohun tó wà nínú rẹ̀ kì í ṣe gíríìsì mọ́. Ó ti di àmọ̀ pupa tó kì bí àtè, mo fi ọ̀bẹ ha á. Fìlà yẹn ti ya níbì kan tí kò ju orí èékánná lọ. Nítorí náà, ẹ máa wo fìlà rọ́túlù nígbàkigbà tí ẹ bá wọ abẹ́ ọkọ̀. Fìlà tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ya, tí rọ́túlù kò tíì yẹ̀, ẹ lè pààrọ̀ òun nìkan.

Búṣìn ni ibi tí iṣẹ́ rere ti máa ń bàjẹ́ jù. Ẹ fi bóòtì gígùn àti àjákù páìpù méjì fa ti àtijọ́ jáde, kí ẹ fi fa tuntun wọlé, omi ọṣẹ ni kí ẹ fi mú un yọ̀. Ẹ wá fetí sílẹ̀: ẹ má tíì fún bóòtì rẹ̀ pa nígbà tí wíìlì ṣì rọ̀ sílẹ̀ lófuurufú. Rọ́bà búṣìn lẹ̀ mọ́ irin tó wà láàárín rẹ̀ àti irin tó wà lóde rẹ̀. Kì í yí, lílọ́ ló ń lọ́. Bí ẹ bá fún un pa nígbà tí apá rọ̀ sílẹ̀, ìgbà tí ọkọ̀ bá kalẹ̀, tí apá sì gòkè, rọ́bà á ti lọ́ kí ẹ tó rìn rárá. Á wà ní lílọ́ bẹ́ẹ̀ lọ́sàn-án lóru, kòtò kọ̀ọ̀kan á sì tún lọ́ ọ sí i. Búṣìn tó yẹ kó lo ọdún á ya láàárín oṣù. Ẹ dì í wọ́ọ́rọ́wọ́, ẹ gbé ọkọ̀ sílẹ̀ sórí táyà rẹ̀, ẹ mì í sókè sódò díẹ̀, ìgbà yẹn ni kí ẹ wá fún un pa. Mo ti rí àwọn tó ń bú búṣìn pé ayédèrú ni, bẹ́ẹ̀ ìgbà tí wọ́n fún un ló bà á jẹ́.

Òpó ṣọ́ọ̀kì: sípíríǹgì inú rẹ̀ wà ní fífún pa, bí ẹ bá tú nọ́ọ̀tì òkè láìdè é, ó lè pààyàn. Okùn kò lè dè é. Wáyà kò lè dè é. Irin tí wọ́n ṣe fún un nìkan ló lè dè é. Èmi kò ní i, mo máa ń tú òpó odindi sílẹ̀, kí n gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀bù tó ní i, owó iṣẹ́ lásán ni màá san. Ẹ jẹ́ kí wọ́n wo rọ́bà àti bẹ́ríǹgì tó wà lókè òpó nígbà tó bá wà ní títú. Ṣọ́ọ̀kì méjèèjì lẹ ó pààrọ̀ pọ̀. Ẹ má gé sípíríǹgì kí iwájú lè wálẹ̀, ẹ má sì fi rọ́bà kún àárín rẹ̀ kó lè gbẹ́rù sí i. Bíréèkì yín kò mọ̀ pé ẹ ti fi kún ẹrù.

Yíyọ afẹ́fẹ́

DOT 4 ni mo fara mọ́. Nígbà tó bá ṣì jẹ́ tuntun, kò gbọdọ̀ hó kí ooru tó dé 230°C. Ti DOT 3 jẹ́ 205°C. Epo bíréèkì máa ń fa omi láti inú afẹ́fẹ́, bí omi bá sì ti wọ̀ ọ́, DOT 4 lè hó ní 155°C, DOT 3 ní 140°C. Epo tó bá hó á di ìfóófòó, ẹsẹ̀ yín á sì bá ilẹ̀. Nítorí náà, ẹ máa pààrọ̀ rẹ̀ ní ọdún méjì méjì. Ẹ má lo ìgò tó ti wà ní ṣíṣí láti ọdún tó kọjá, ẹ má sì da èyí tó jáde láti ara wíìlì padà. Bí ó bá ta sára ọ̀dà ọkọ̀, ẹ tètè fi omi ṣàn án.

Níwọ̀n bí sítíárìn wa ti wà lápá òsì, wíìlì tó jìnnà jù sí másítà lẹ ó kọ́kọ́ mú: ẹ̀yìn ọ̀tún, lẹ́yìn náà ẹ̀yìn òsì, iwájú ọ̀tún, iwájú òsì. Ẹ fi rọ́bà tín-ín-rín sórí nípù, ẹnu kékeré tí wọ́n ń ṣí láti yọ afẹ́fẹ́, kí ẹ ki ìdí rẹ̀ bọ inú ìgò tó ní epo bíréèkì díẹ̀. Ọmọṣẹ́ mi máa ń wà lókè, èmi á wà nísàlẹ̀.

"Tẹ̀ ẹ́!"

"Mo ti tẹ̀ ẹ́, ọ̀gá."

"Má gbẹ́sẹ̀ o." Màá ṣí nípù, ìfóófòó á jáde, màá padé. "Ó yá, gbẹ́sẹ̀."

Kò gbọdọ̀ gbẹ́sẹ̀ kí nípù tó padé, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, afẹ́fẹ́ á tún wọlé. Ẹ máa wo agolo epo bíréèkì tó wà lókè, kó má gbẹ. Bí ọkọ̀ yín bá ní fáálífù lẹ́yìn tó ń fi ìwúwo ẹrù díwọ̀n bíréèkì ẹ̀yìn, ẹ jẹ́ kí táyà ẹ̀yìn wà nílẹ̀ nígbà tí ẹ bá ń yọ afẹ́fẹ́ níbẹ̀, ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá yín yọ fáálífù náà dànù.

Kí ẹ tó gbé e lọ sọ́nà

Ẹ fi okùn wọn táyà iwájú méjèèjì pẹ̀lú ti ẹ̀yìn láti rí i pé wọn kò ya púpọ̀, kí ẹ wá gbé e lọ fún parallélisme, ìyẹn títo wíìlì. Ẹ má fi owó yẹn pamọ́. Táyà tuntun méjì wọ́n jù ú lọ.

Páàdì tuntun kò tíì mọ dísìkì. Ẹ wá ọ̀nà tó dá, láìkó ẹrù, ẹ sáré dé 50 kìlómítà ní wákàtí kan, kí ẹ tẹ bíréèkì títí eré á fi kù bíi 10, kí ẹ gbẹ́sẹ̀, kí ẹ jẹ́ kó fẹ́ atẹ́gùn bí ìdajì ìṣẹ́jú. Ẹ ṣe é bí ẹ̀ẹ̀mẹwàá. Ẹ má dúró pátápátá kí ẹ tún fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ nígbà tó bá ń gbóná.

Ìrìn àkọ́kọ́ mi lẹ́yìn iṣẹ́ yìí, òfìfo ni mo máa ń lọ. Bí mo bá ti Kétu dé Pọ́bẹ̀ẹ́, màá yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, màá gbé ẹ̀yìn ọwọ́ sún mọ́ ríìmù méjèèjì, ooru wọn gbọ́dọ̀ bára mu. Màá wo ìdí họ́ọ̀sì kọ̀ọ̀kan bóyá ó tutù, màá fi sípánà kan nọ́ọ̀tì wíìlì àti bóòtì apá lọ́kọ̀ọ̀kan, màá sì wo bóyá pínnì rọ́túlù ṣì wà láyè rẹ̀. Bí gbogbo rẹ̀ bá pé, màá padà sí Kétu lọ kó àgbàdo.